Fìlà Tí Oníjígí Dá Padà

Ẹni tó bá ní ìfẹ́ ò sí fún ẹni tó ti lé láàádọ́ta ọdún, kó fìdí mọ́lẹ̀ níbí, kó gbọ́ ti Oníjígí.

Jígí ojú ni ọkùnrin yìí ń ṣe. Bí o ò bá rí ìwé kà mọ́, á gbé ọ jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á máa pààrọ̀ gíláàsì níwájú ojú rẹ, á máa bi ọ́ pé, "Èyí ńkọ́? Ti tẹ́lẹ̀ ló dáa jù àbí èyí?" títí tí wàá fi máa rí ẹsẹ̀ eṣinṣin lára ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ tutù. Àléébù méjì péré ló ní. Èkíní, kì í sọ ohun tó bá ń dùn ún. Ìyàwó tó fẹ́ nígbà èwe ti torí ẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ lọ tipẹ́tipẹ́, ó ní òun ò lè máa bá ògiri gbé. Èkejì, orí rẹ̀ pá. Kì í sì í ṣe pípá kékeré o! Irun ti kúrò níwájú, ó ti kúrò ní àtàrí, èyí tó ṣẹ́ kù ní ìpàkọ́ àti ẹ̀gbẹ́ etí dúdú, ó le, bí ẹni pé ó ń bínú sí àwọn tó lọ.

Òun alára gbà pé èkejì yìí ni àléébù tó burú jù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Òjò ló ba fìlà rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní obìnrin kan wà ní òpópónà kejì tó ń ran fìlà, lókè ibi tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe. Ó gun àtẹ̀gùn lọ. Ó bá Aránfìlà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, òwú dúdú ń bẹ láàárín ètè rẹ̀.

"Ẹ jókòó, sà. Ẹ ṣí orí."

"Ṣé dandan ni kí n ṣí i?"

Obìnrin náà yọ òwú lẹ́nu. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe jígí fún ẹni tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀? Ṣé ẹ máa ń yẹ ojú wò fún ẹni tó dijú?"

Oníjígí ṣí fìlà, ó wá ń dúró de ẹ̀rín tí àwọn èèyàn máa ń rín. Ẹ̀rín ò wá. Obìnrin náà fi téèpù yí orí rẹ̀ ká, ó ka iye rẹ̀ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ló gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àtàrí rẹ̀, ó dijú, ó sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀.

"Báyìí ni mo ṣe ń wọn orí," ó ní. "Téèpù ló ń sọ bó ṣe tóbi, ọwọ́ ló ń sọ bó ṣe rí."

"Báwo ló wá ṣe rí?"

"Ó rí roboto. Orí tó dùn ún ran fìlà fún ni. Irun máa ń parọ́ fún téèpù, orí tiyín ò parọ́."

Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó fo àtẹ̀gùn kan, díẹ̀ ló kù kó ṣubú lé ẹni tó ń tún bàtà ṣe lórí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn, àfi onígbàjámọ̀.

Bó ṣe di oníbàárà nìyẹn. Ó ra fìlà aláwọ̀ eérú, ó ra ti dúdú, ó ra ti òtútù nígbà tí ooru ń mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì tí ẹnu rẹ̀ ò fẹ̀yìn tì, wá kí i nílé, ó rí bí fìlà ṣe tò sára ògiri.

"Orí kan ṣoṣo ni màmá wa bí mọ́ ọ. Ta lo ń ra ìyókù fún?"

Oníjígí ń nu gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ó dáa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ò ní dákẹ́."

Ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ tó ń ro Ẹ̀gbọ́n náà ló fi gun òkè lọ bá Aránfìlà. Kò tilẹ̀ tíì jókòó tó fi ní, "Àbúrò mi nífẹ̀ẹ́ rẹ, kò lè sọ ọ́ ni. Mo ti fetí sí ọmọ inú oyún títí, mo mọ ohun tí wọ́n ń wí, ti ẹni àádọ́ta ọdún ló máa wá ṣòro fún mi láti gbọ́?"

Aránfìlà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ fi dúró. "Ẹ sọ fún wọn, mà, pé mi ò ní fìlà láti tà fún wọn mọ́. Tí wọ́n bá tún wá, kí wọ́n wá nítorí mi."

Ó wá nítorí rẹ̀. Bí ó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, ó ti di òkè àtẹ̀gùn. Obìnrin náà á máa rán, òun á máa bá a pọ́n sísọ́ọ̀sì, á máa bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Opó ni Aránfìlà. Ó tó ọdún mẹ́jọ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Oníjígí ò bèèrè ohun tó pa á, nítorí ó rò pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò bá dá sílẹ̀ kì í dunni. Obìnrin náà ò sì sọ. Ìfẹ́ wọn dùn lójú, ó dùn létí. Ó wá ku ìyá Aránfìlà.

Màmá ní àga aláwọ kan lẹ́bàá fèrèsé, òun nìkan ló ń jókòó sórí ẹ̀. Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà fún àwọn ọmọ. Ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì, ife omi ló ń gbé súnmọ́ imú kó tó mọ̀ pé ó kún, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ sí i létí.

Lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì àti Ẹ̀gbọ́n lọ kí i, Oníjígí ṣí fìlà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi bọ̀wọ̀ fún àgbà. Oòrùn fèrèsé bọ́ sórí náà, ó dán gbinrin. Ni Màmá bá fọwọ́ ti àga, ó dìde.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá! Ẹ má bínú, orúnkún ló ń dùn mí. Ẹ wá jókòó síbí, ẹ jọ̀ọ́."

Kí Oníjígí tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Màmá ti fà á jókòó sórí àga aláwọ náà. Ó wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọkọ ìyàwó ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ni?"

Ẹ̀gbọ́n wúkọ́. Aránfìlà fọwọ́ bo ẹnu. "Màmá, àwọn náà ni ọkọ ìyàwó."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tẹ́ ẹ gbé jókòó sórí àga yín."

Màmá tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú àlejò. "Hẹn-ẹn," ló ní. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọ ilé ìdáná.

Ògiri ilé náà tín-ín-rín. "Bàbá arúgbó lo mú wá fún mi yìí!" ni Oníjígí gbọ́. "Orí ẹ̀ ń dán bí abọ́! Ẹgbẹ́ bàbá ẹ ni!" Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó dìde, ó jáde, ó lọ dúró lẹ́bàá géètì. Ìyókù ọ̀rọ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí nílé tí wọ́n fi sọ ọ́. Màmá ò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun ò gbà. Ó ní kí wọ́n fún òun lóṣù méjì kí òun fi ronú.

Bí wọ́n ṣe ń padà lọ, ẹ̀rín ń pa Aránfìlà. "'Ṣé ó ṣì ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ni?' Yéè! Màmá yìí á pa mí!" Ó wo ojú ọkùnrin náà. "Àbí ó dùn yín ni?"

"Rárá o."

Irọ́ ni. Ó dùn ún dé ìdí ọkàn. Obìnrin tó dára bí èyí, kó máa mú ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá rẹ̀ kiri? Ó délé, ó dúró níwájú dígí, ó wo orí náà bí ẹni ń wo ọ̀tá.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni oníbàárà kan wá gba jígí rẹ̀. Apárí bíi tirẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, irun ti wá wà lórí ẹ̀ báyìí, irun tó ń hù, tí wọ́n ń gẹ̀. Oníjígí tó kì í bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn bèèrè. Ọkùnrin náà júwe ilé dókítà fún un.

"Irun ìpàkọ́ kì í lọ bí ti iwájú," ni dókítà ṣàlàyé. "A máa tu ú lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, a máa gbìn ín síwájú."

"Bí ẹni ń tu ata gbìn."

"Gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́yìn yín ò pọ̀. Bí a bá gbin iwájú tán, kò ní kù fún àtàrí."

"Iwájú ni wọ́n ń wò, dókítà."

Dókítà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní kò gbọdọ̀ dé fìlà títí ojú egbò á fi san. Ó ní kó máa gbé orí sókè sùn. Ó ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, irun tí wọ́n gbìn máa kọ́kọ́ gbọ̀n dànù, kó má jáyà, gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀, á tún padà hù bí oṣù mélòó kan bá kọjá. Ṣùgbọ́n Oníjígí ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà Màmá, irun dúdú lórí, Màmá ń pariwo pé, "Ọkọ ìyàwó dé!" Ó ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀ dókítà. Bẹ́ẹ̀ òun náà máa ń bínú sí oníbàárà tó bá ń mi orí báyìí tó bá ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń nu jígí.

Ó lọ bá Aránfìlà. "Mo fẹ́ rìnrìn àjò lọ ra gíláàsì. Mo lè pẹ́ díẹ̀."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ìrìn àjò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀. "Ó dáa. Ẹ máa pè mí."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n fá ìpàkọ́ rẹ̀, wọ́n dà á dojú bolẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa orí kú ló dùn jù, omi bọ́ lójú rẹ̀ pó pó. Lẹ́yìn ìyẹn, kò mọ nǹkan kan mọ́, àfi kẹ́rẹ́ kẹ́rẹ́ tó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tu irun kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yí i padà, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín síwájú, nọ́ọ̀sì méjì dojú bò ó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín. Ó wù ú kí Aránfìlà wà níbẹ̀. Ó tún wù ú kó má mọ̀ láéláé. Ohun méjèèjì ń jà nínú rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe tán.

Ilé Ẹ̀gbọ́n ló lọ fara pamọ́ sí. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, iwájú orí rẹ̀ wú, ó wú dé ojú, ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ dí.

"Mo ti gbẹ̀bí ọmọ tó fi ojú ṣáájú jáde," ni Ẹ̀gbọ́n wí, "kò wú tó báyìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo àṣírí."

"Àṣírí tó wú tó báyìí, aṣọ wo ni kí n fi bò ó?"

Ṣùgbọ́n ó gbà. Ó sì jẹ́ ẹni tí kì í yẹ àdéhùn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ohùn kan dún lẹ́nu ọ̀nà. Oníjígí tó wà ní yàrá mọ ohùn náà, ó rọra ti ilẹ̀kùn. "Ẹ bá mi fún wọn tí wọ́n bá dé, mà," ni Aránfìlà ń wí. "Fìlà tí wọ́n máa dé lọ gba èsì lọ́dọ̀ Màmá ni. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fi ran án." Nígbà tó lọ tán, Oníjígí jáde wá gba fìlà náà. Aró ni àwọ̀ rẹ̀, ó rọ̀ lọ́wọ́, ìlà abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ wẹ́ bí irun. Kò lè dé e, dókítà ti kọ̀. Bó bá tilẹ̀ lè dé e, ṣé abẹ́ fìlà ló máa kó irun tuntun pamọ́ sí lójú Màmá?

"Ẹ bá mi dá a padà fún un, kó máa bá mi tọ́jú ẹ. Mi ò ní dé fìlà lọ́jọ́ náà."

Ẹ̀gbọ́n la ẹnu. "Aránfìlà lo fẹ́ dá fìlà padà fún? Ṣé orí ẹ pé?"

"Ṣebí ìtọ́jú lásán ni."

"Èmi jíṣẹ́ ni o. Ohun tó o ní kí n wí ni màá wí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, kò sí aránfìlà tí wọ́n ń dá fìlà padà fún kó bá wọn tọ́jú. Pẹpẹ kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà, òkè pátápátá, fún èyí tí àwọn tó ni ín bá kọ̀. Ó gba fìlà náà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, ó yí i wò lọ́tùn-ún lósì, bóyá àléébù wà lára ẹ̀.

"Wọ́n ti ti ìrìn àjò dé nìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n ò lè purọ́, kò sì lè yẹ àdéhùn. Ó wúkọ́.

"Mo ti gbọ́, mà. Ẹ sọ fún wọn pé mo gbọ́." Ó gun àpótí, ó gbé fìlà náà sórí pẹpẹ òkè. Láti ọjọ́ yẹn lọ, Oníjígí ń pe fóònù rẹ̀, kò gbé e.

Ọkàn rẹ̀ dàrú, ṣùgbọ́n dígí ń tù ú nínú. Ojú tó wú ti rọlẹ̀, èépá ti ń bọ́, irun kéékèèké ti dúró ṣánṣán níwájú. Ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn pé bí Aránfìlà bá rí òun báyìí, ìbínú á tán. Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù méjì. Ló bá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, ìrọ̀rí sì dúdú. Ó fọwọ́ ra iwájú orí, òmíràn tẹ̀ lé ọwọ́ bọ̀.

"Mo sọ fún yín," ni dókítà dá a lóhùn lórí fóònù. "Ẹ mi orí sí mi!"

Ẹ̀gbọ́n bá a lórí ibùsùn, ó ń ṣa irun náà lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹni pé wọ́n á tún un gbìn. Iwájú ti pá, ó pupa, èépá ku síbẹ̀, ìpàkọ́ tó jẹ́ ògo rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ṣá pálapàla. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Gbé orí ẹ, ká lọ," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"Lọ síbo?"

"Ibi tó yẹ kó o ti lọ kó o tó lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọmọbìnrin yẹn rò pé o kọ òun sílẹ̀. Èmi ti wúkọ́ tó."

Òun nìkan ló gun àtẹ̀gùn, láìdé fìlà. Aránfìlà ń gé aṣọ. Ó gbójú sókè, sísọ́ọ̀sì dúró.

"Ta ló ṣe orí yín báyìí?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é."

Ó wá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin èèyàn, Oníjígí sọ̀rọ̀! Ó sọ ti ẹnu ọ̀nà Màmá, ó sọ ti abẹ́rẹ́, ó sọ ti ojú tó wú nígbà tó wà nínú yàrá tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sọ ti ìrọ̀rí. "Mo fẹ́ kí Màmá rí mi bí ọkọ ìyàwó ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún máa wá ẹlòmíràn lẹ́yìn mi."

Ó rò pé á rẹ́rìn-ín. Àní ó ń gbàdúrà pé kó rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà jókòó pẹ̀lẹ́.

"Ẹ ò bi mí rí, ohun tó pa ọkọ mi."

"Mi ò fẹ́ kí ọgbẹ́ yẹn tún ṣí ni."

"Ó ní òun ń rìnrìn àjò iṣẹ́. Ó ń pè mí lójoojúmọ́, ó ń sọ bí òjò ṣe ń rọ̀ níbi tó wà. Ilé ìwòsàn ló wà, kò jìnnà sílé wa rárá. Kò fẹ́ kí n jáyà. Ìgbà tí wọ́n máa fi pè mí, wọ́n ti fi aṣọ bo ojú ẹ̀." Ó nu ojú. "Irun ò dùn mí, Oníjígí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ gbin ata sórí. Ìrìn àjò yẹn ló dùn mí. Èmi sì ti mọ̀ ọ́n bẹ́ ẹ ṣe ń là á sílẹ̀, mo kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kó má rí bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí fìlà wá padà, mo ní bóyá ẹ ti ń kú lọ sápá ibì kan."

Oníjígí jókòó sílẹ̀ láàárín ègé aṣọ. Ojú ara rẹ̀ tì í ju ti ọjọ́kọ́jọ́ lọ. "Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò lè mọ̀. Ẹ ò bèèrè."

"Mo jẹ̀bi. Láti òní lọ, bí orí bá fọ́ mi, mo máa sọ. Bí bàtà bá há mi lẹ́sẹ̀, mo máa sọ. Títí ó fi máa sú ọ ni."

Aránfìlà gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó na ọwọ́ sí orí náà, ó dá ọwọ́ dúró. "Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá o" ti dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì. "Ó ń yún mi. Ìpàkọ́ ń ta mí. Iwájú ṣì kú, mi ò mọ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Àtàrí nìkan ni kò ṣe nǹkan kan."

Àtàrí náà ló gbé ọwọ́ lé. Ó fi í síbẹ̀, kò yára gbé e kúrò. "Ẹ wá sọ́dọ̀ Màmá bá a ṣe dá a," ó ní. "Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi. Ẹ ò sì ní rí fìlà yẹn gbà lónìí."

Nígbà tí oṣù méjì pé, òun, Aránfìlà àti Ẹ̀gbọ́n padà lọ; Màmá tún dìde fún un. "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ jókòó." Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Oníjígí jókòó sórí àga aláwọ, ó gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ lé itan.

"Màmá, kẹ́ ẹ tó fún mi lésì, ẹ jẹ́ kí n yẹ ojú yín wò. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa kọ̀ mí, ẹ kọ́kọ́ rí ẹni tẹ́ ẹ ń kọ̀."

"Ojú mi ò ṣe nǹkan kan!"

"Ẹ̀yin lẹ wá ọkọ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà o, Màmá," ni Ẹ̀gbọ́n dá sí i.

Wọ́n rọ̀ ọ́ títí. Oníjígí fi férémù irin, èyí tí wọ́n fi ń dán gíláàsì wò, sójú Màmá, ó ń ki gíláàsì bọ̀ ọ́, ó ń yọ ọ́. "Èyí ńkọ́? Ti tẹ́lẹ̀ àbí èyí?" Nígbà tó yá, Màmá gbé ọwọ́ sókè. Ó ń wo ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀. "O ti ní ewú? Ìgbà wo?" Ó wá yíjú sí Oníjígí, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ọmọdé mà ni ọ́! Kí ló wá ṣe orí ẹ? Ṣé àkùkọ ló ṣá a jẹ ni?"

Oníjígí sọ gbogbo rẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí férémù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, ó fọwọ́ lu itan, ó pe orúkọ Ọlọ́run. Ó wá tẹjú mọ́ ọn.

"Nítorí èmi?"

"Nítorí ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ògiri, mà."

"Ẹni tó bá máa fetí sí ògiri, kó dúró gbọ́ tán! Mo sọ ìyókù. Mo ní bàbá arúgbó lo mú wá, yóò kú, wàá tún sunkún, èmi ò sì lágbára tí mo máa fi gbé ọ dìde lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọkọ ẹ̀ àkọ́kọ́, irun orí ẹ̀ pọ̀ débi pé òòyà ń kán nínú ẹ̀. Ibo ló wà lónìí? Ṣé irun lo rò pé mò ń wá?"

Aránfìlà ń wo Oníjígí, ó ń dúró.

"Màmá," ló ní, "ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí. Ẹ̀jẹ̀ mi máa ń ga díẹ̀, mò ń lo oògùn sí i. Yàtọ̀ sí dókítà, ẹnikẹ́ni ò mọ̀."

"Èmi gan-an ò mọ̀!" ni Ẹ̀gbọ́n kígbe.

"Mi ò lè bá yín dá ọjọ́ ikú mi. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni pé kò sí àìsàn tó máa ṣe mí tí ọmọ yín ò ní gbọ́ ṣáájú dókítà."

Màmá yọ férémù, ó nu ojú, ó tún fi í padà.

"Dìde lórí àga mi."

Oníjígí dìde, ó gbé àpò rẹ̀, ó rò pé ó parí. Màmá jókòó sórí àga rẹ̀, ó tún ara ṣe dáadáa.

"Àlejò ni mò ń fi àga yìí bọ̀wọ̀ fún. Àpótí ló wà fún ọmọ. Jókòó síbẹ̀."

Ó dúró, kò yé e. Aránfìlà ti ń sunkún. "Ẹ jókòó, jàre! Wọ́n ti gbà!"

Ó jókòó sórí àpótí náà, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Kò tíì jókòó síbi tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n ò tilẹ̀ wò ó mọ́ ni irun náà padà hù. Ó kọ́kọ́ rọ̀ bí ti ọmọ tuntun, ó wá ń le. Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó fi máa pé, iwájú ti kún, ìpàkọ́ ti bo àpá. Àtàrí nìkan ló wà bó ṣe wà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Aránfìlà gun àpótí, ó sọ fìlà aláró yẹn kalẹ̀ láti orí pẹpẹ òkè, ó gbọn eruku ẹ̀.

"Ṣé ẹ tún fẹ́ dá a padà?"

"Fi dé mi."

Wọ́n dé iwájú akọ̀wé tó ń so tọkọtaya pọ̀. Akọ̀wé náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ti ń gbà wọ́n níyànjú fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí Oníjígí tẹ̀ sétí ìyàwó rẹ̀.

"Orí ń fọ́ mi."

"Kí ló ní?" Màmá ti dìde, jígí tuntun ń tàn lójú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka bí iṣan ṣe ń lù. Ojú Aránfìlà funfun báláú. Akọ̀wé dákẹ́. Aránfìlà gbìyànjú láti ki ìka kan bọ abẹ́ etí fìlà náà, ìka ò wọlé. Ó tún un kì, kò wọlé. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú aṣọ ìyàwó.

"Irun yìí ni! Ìgbà tí kò sí irun ni mo wọn orí yín! Yéè, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ fi dúró yìí?"

"Ṣebí mo sọ ọ́."

"Ẹ sọ ọ́," ló ní. "Ẹ sọ ọ́ lóòótọ́."

Ó tọrọ sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ akọ̀wé, ó tẹ fìlà náà sórí itan, ó tú ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má kánjú òun. Kó tó fi dé e padà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àtàrí ọkọ rẹ̀, níbi tí irun ò dé.

"Ẹ má jẹ́ kí dókítà kankan gbin nǹkan síbí yìí o. Ibí yìí, tèmi ni." Ó fi fìlà dé e, ó fọwọ́ tún un ṣe. "Ṣé ó ṣì ń fọ́ yín?"

"Rárá o," ni Oníjígí wí, òótọ́ ló sì sọ.